Hámà Tó Ń Kí Iye Àgbà

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọmọ-ọmọ mi obìnrin ní Kàbà, mo fi aṣọ bora nítorí ọyẹ́, mo gbé ife tíì lé orókùn, mò ń wo èéfín rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. N kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ìsọ̀ àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe wà ní òdìkejì títì. Ẹnìkan níbẹ̀ gbé hámà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn mọ́tò kan tó ti tẹ̀ wọnú. Èkíní dún gbù, bí ìgbà tí wọ́n ju àpò ẹ̀wà sílẹ̀. Èkejì dún gooro. Ẹ̀kẹta kàn fẹnu kan páànù náà ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu mi ti yà: "Òkun o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

Fúnmi, ọmọ-ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá, ta lẹ ń kí?"

"Hámà ni."

"Hámà wo?"

"Èyí tó kí mi yẹn."

Ó wò mí títí, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń wo èèyàn kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì wọlé lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó má gbàgbé, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé Bàbá lọ kí wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò. Orí tèmi ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò o, orí tó ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ fóònù ní gbogbo ilẹ̀ Owé wa ní Kàbà. N kò bínú sí i. Èmi ni n kò sọ ìtàn náà fún un rí. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ka èyí, tí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ fò ó bí ẹ ṣe ń fo kòtò. Èmi àti ilé-ìwé pínyà ní pírámárì. Kò sí ìjà níbẹ̀, ó kàn rẹ àwọn tísà ni. Àwọn kan máa sọ fún yín pé mo máa ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Gbogbo ẹni tó lè jáde wá já irọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ló ti sùn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọkàn mi sì balẹ̀ gidi. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan Iye Àgbà, ìyá bàbá mi, n kò bu iyọ̀ kankan sí i. Ẹ máa mọ ibẹ̀ tí ẹ bá débẹ̀.

Agbo ilé wa wà ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà tó ń ti ilẹ̀ Ìjùmú bọ̀ ti ń wọ Kàbà. Tí àsìkò kọfí bá dé, gbogbo iwájú ilé á pupa fún èso kọfí tí wọ́n sá sórí ẹní, àwa ọmọdé á máa fi ẹsẹ̀ yí i, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé, ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, bí ọsàn tó ti fẹ́ bàjẹ́. Bàbá Oníkọfí ni olórí ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ ni, débi pé tó bá bi ọ́ ní nǹkan, o ní láti sáré tẹ̀ lé e kó tó lè gbọ́ èsì rẹ. Mo ti sáré dáhùn ìbéèrè rẹ̀ kan dé oko rí.

Lábẹ́ igi mángòrò iwájú ilé ni Bùrọ̀dá Sámù ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìkòyí nílẹ̀ Ìjùmú ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ló ti kọ́ iṣẹ́ títún ara mọ́tò ṣe, ó sì kó díẹ̀ nínú èdè ibẹ̀ bọ̀. "Tòò" ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀. O ní oúnjẹ ti délẹ̀, tòò. O ní ilé ń jó, tòò. Bàbá Oníkọfí ló fún un ní abẹ́ mángòrò náà àti yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká kọfí, nítorí pé ó bá a tún imú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ṣe nígbà tí ọkọ̀ náà fi imú gbá afárá lọ́nà Ìsánlú. Débórà ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Wọn ò ní ibòmíràn ní Kàbà. Ọwọ́ tí Bàbá Oníkọfí fi yọ̀ǹda ibẹ̀ fún wọn, ọwọ́ náà ló lè fi gbà á padà, gbogbo wa ló sì mọ̀.

N kì í fẹ́ kúrò lábẹ́ mángòrò yẹn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé n kò mọ bí irin ṣe ń gbọ́ràn. Mo mọ̀ pé amọ̀ rọ̀, mo mọ̀ pé ewé rọ̀, ṣùgbọ́n páànù ara mọ́tò tó ti rún bí ìwé tí tísà ká jù nù, báwo lèèyàn ṣe ń lù ú tí kò fi tún rún sí i? Nǹkan tó gbá a ló bà á jẹ́, gbígbá náà ni wọ́n tún fi ń tún un ṣe. Mo bi Bùrọ̀dá Sámù. Ó ní, "Tòò. Jókòó síbẹ̀."

Mo jókòó. Ó ní irin kékeré kan tó rí bí ìlàjì ọṣẹ, ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, ó sì ń dán. Ọwọ́ òsì ló fi máa gbé irin yìí sẹ́yìn ibi tí páànù ti tẹ̀, á sì gbé hámà síwájú. Èkíní, kò ní lu ibi tí irin wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa lù, níbi tí kò sí ohun tó gbé páànù dúró, á dún gbù. Èkejì, á lù ú sórí irin náà gan-an, á dún gooro. Ẹ̀kẹta, á fi hámà kàn án fẹ́rẹ́, bí ẹni fọwọ́ kan ọmọ lórí. Gbù, gooro, fẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà á dáwọ́ dúró, á ká àkísà fẹ́lẹ́ kan sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, á di ojú méjèèjì, á sì máa fi ọwọ́ pa ara páànù náà lọ sókè sódò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. Tó bá ti rí ohun tó ń wá, á tún gbé hámà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lù ú bẹ́ẹ̀?"

"Èkíní ń sọ fún un pé kó máa lọ. Èkejì ń sọ ibi tó máa dúró sí fún un."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ìwọ tí wọ́n bá lù ọ́ tó bẹ́ẹ̀, o ò ní fẹ́ kí wọ́n bẹ̀ ọ́?"

Àkísà yẹn náà yà mí lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ mọ nǹkan, kí ló dé tó tún fi aṣọ bo ọwọ́? Lọ́jọ́ tó jẹ́ kí n gbìyànjú, mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán pa páànù náà, mo ní ó ti dán. Ó na àkísà sí mi. Abẹ́ àkísà yẹn ni ọwọ́ mi ti rí òkè àti kòtò tí kò rí tẹ́lẹ̀, ọ̀kan kò ju wóró ọkà bàbà lọ. Títí di òní n kò mọ ìdí rẹ̀. Mo ti bi nọ́ọ̀sì, mo ti bi pásítọ̀, àwọn méjèèjì ní kí n máa sinmi dáadáa.

Ó tún ní ohun kan tó máa ń ṣe nígbà tí páànù bá ti fẹ̀ jù, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ tó ń ṣe pọ̀kà-pọ̀kà bí agolo mílíìkì. Á fi iná jó ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀ títí á fi pọ́n bí ojú ẹyẹlé, á sì yára fi àkísà tútù lé e. Ṣààà. Páànù náà á súnkì bí aṣọ tuntun tí omi kàn, kò ní ṣe pọ̀kà mọ́. Mo sáré lọ sílé lọ dán an wò lára abọ́ ìyá mi tó ti fẹ̀ lẹ́nu. N kò ní sọ ibi tí ìyá mi ti fi abọ́ náà gbá mi, ẹ ṣáà mọ̀ pé ibẹ̀ kò súnkì.

Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́. Ó tún iwájú mọ́tò kan ṣe rí tó dán tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin fi bà lé e, ó yọ̀, ó ṣubú, ó dá lẹ́sẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí eṣinṣin náà tó ń tiro lọ sílé rẹ̀. Alángbá tó ń gbé lórí mángòrò náà, tí hámà bá dún gooro, á mi orí, á dúró kí ó tún dún. Àwọn adìyẹ wa kì í yé ẹyin tí wọn ò bá tíì gbọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni etí rẹ̀ ọ̀tún. Ariwo ti jẹ ẹ́ tán. Etí òsì ló kù, etí yẹn ló sì máa ń dà sí páànù. Etí tó ti kú ló kọjú sí ilé.

Nínú ilé yẹn, lójú ọ̀nà yàrá tó kọjú sí mángòrò, ni Iye Àgbà máa ń jókòó sí. Iye là ń pe ìyá nílẹ̀ wa, òun ló sì bí Bàbá Oníkọfí àti bàbá mi. Ojú rẹ̀ ti funfun, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí, kò rí èèyàn mọ́. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kúrò lára ògiri, á máa dá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. "Òkun o." Á dákẹ́. "Òkun o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa la jí?" Á tún dákẹ́. "Òkun, òkun. Ìyàwó ńkọ́?"

Tí ẹni tó ń ka èyí kì í bá ṣe ọmọ wa, kó mọ̀ pé ìkíni wa ló di orúkọ wa, òun ni wọ́n ṣe ń pè wá ní Òkun. Ẹni tó jí, òkun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òkun. Ẹni tó ń sunkún, òkun náà ni. Ẹni tí a bá sì kí gbọ́dọ̀ dáhùn. Tí kò bá dáhùn, ìjà ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Àwa ọmọdé gbà pé àwọn òkú ni Iye Àgbà ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń na etí, bóyá màá gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn òkú yẹn ń kíni jù. Mo rò ó pé iṣẹ́ ò sí níbi tí wọ́n wà. Ìyá mi ní, "Fi wọ́n sílẹ̀, ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí tí àlejò kan fi wá bá Bàbá Oníkọfí láti Lọ́kọ́ja. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó wọ sọ́kì nínú ooru. Ó jókòó, ó mu omi, ó gbọ́ hámà, ó sì gbọ́ Iye Àgbà. Ó yíjú sí Bàbá Oníkọfí.

"Ṣé bí Màmá ṣe ń dá sọ̀rọ̀ nìyí lójoojúmọ́?"

"Ó ti pẹ́."

"Ariwo irin yẹn ni. Ó ti dà wọ́n lórí rú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìyá yín pẹ́ láyé, ẹ jẹ́ kí ibí yìí dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Oníkọfí lára, nítorí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Àlejò náà kò tíì dé ìta dáadáa tí Bàbá Oníkọfí fi lọ sábẹ́ mángòrò. Mo wà níbẹ̀. Ó ní kí Bùrọ̀dá Sámù gbé hámà sílẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, kó sì wá ibòmíràn kó ẹrù rẹ̀ lọ tí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ bá ti kọjá. Ó ní kì í ṣe ìjà, nítorí ìsinmi Iye ni. Ó ń lọ bó ṣe ń sọ ọ́. Débórà tó ń fọ aṣọ ọmọ lẹ́bàá ibẹ̀ kò fọ̀ ọ́ mọ́, ó kàn di aṣọ náà mú nínú omi. Bùrọ̀dá Sámù ní, "Tòò." Ìyẹn nìkan ni tòò tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí kò jọ tòò.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan láti Ẹkìnrìn-Adé wà níwájú rẹ̀ nígbà náà, ìdajì ojú rẹ̀ ti dán, ìdajì kejì ṣì rún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀, bí ẹni tó fá irùngbọ̀n dé àárín tí wọ́n pè jáde.

Ilé wá dákẹ́. Ẹ ò mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń dún àfi tí ẹ bá ti bá hámà gbé. Alángbá jáde, kò rí ohun tó máa mi orí sí, ó padà sókè. Iye Àgbà jáde bó ṣe máa ń jáde, ó jókòó, ó gbé orí sí ọ̀nà mángòrò, ó ń dúró. Nígbà tí oòrùn ga, ó pè mí.

"Ọmọkùnrin ìta yẹn, ṣé kò sí nílé ni?"

"Ó wà, Iye."

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá?"

"Ara rẹ̀ yá. Ó jókòó síbẹ̀."

"Ó jókòó síbẹ̀," ló wí. Kò sọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan náà. Inú Bàbá Oníkọfí dùn. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, bó ṣe ń kọjá lọ, pé àwọn òkú ti fi ìyá òun sílẹ̀, ìsinmi ti dé. Èmi tí mo jókòó ti Iye Àgbà, n kò rí ìsinmi níbẹ̀. Mo rí ìyá àgbàlagbà tó ń fi ìka ka etí aṣọ rẹ̀, tó ń ronú bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó kọ ẹ̀kọ mímu. Ó ní kí n lọ pe ọmọ òun wá, kí n pe gbogbo àgbà ilé, kí n pe ọmọ Ìkòyí yẹn náà, òun ní ẹjọ́.

Wọ́n pé sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bùrọ̀dá Sámù dúró lẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ tì í. Wọ́n ti ń di ẹrù wọn díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá, mo ti rí i. Wọ́n rò pé ohun tó burú sí i ló tún dé.

"Ẹ bá mi bẹ ọmọ yẹn," ni Iye Àgbà wí. "Ẹ bi í léèrè ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́."

Bàbá Oníkọfí ní, "Iye, ta ló ṣẹ̀ yín?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ ti ṣẹ èèyàn. Ọmọ náà ń bá mi yodì. Láti ìjẹta, kò kí mi mọ́."

Gbogbo ojú yí sí Bùrọ̀dá Sámù. Kò gbọ́. Ó da etí òsì sí wọn. "Wọ́n ní kí ni?"

Bàbá mi pariwo sí i létí. "Wọ́n ní o ò kí àwọn mọ́."

Bùrọ̀dá Sámù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀wọ́, Iye. Ẹ má bínú sí mi. Mo máa ń tẹrí ba níbẹ̀ yẹn láàárọ̀, mi ò mọ̀ pé ẹ kì í rí i. Mi ò tíì fẹnu kí yín rí látìgbà tí mo ti débí."

Ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ìdí tó fi dá ìkíni dúró, tó ń búra pé òun kò kí èèyàn rí. Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́.

"Irọ́ lò ń pa," ni Iye Àgbà wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "Kí oòrùn tó kan ògiri yìí, o ti kí mi ju gbogbo ilé yìí lọ. O máa kí mi, o máa dúró, màá dáhùn. O tún máa kí mi, o máa dúró. Ọmọ tèmi tó wà níbí," ó na ọwọ́ sí ibi tó ti gbọ́ ohùn Bàbá Oníkọfí, "ẹnu ọ̀nà mi ló máa ń kí. Kí n tó la ẹnu, ó ti dé ìdí kọfí."

Bàbá Oníkọfí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó dúró sójú kan nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ìyá náà ń sọ. Àwọn kan máa ń sọ pé Débórà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Èmi sọ pé èmi ni. Débórà ti lọ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí rere, nítorí náà èmi ni. Mo rántí gbogbo àárọ̀ tí mo fi jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, hámà ní apá kan, ìyá àgbà ní apá kejì. Gbù, gooro, fẹ́rẹ́. Àkísà. Ìgbà tó bá ń fi àkísà wá ọ̀nà lára páànù ni Iye Àgbà máa ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Hámà ni."

Wọ́n ní kí n dákẹ́. Mo tún un sọ. Débórà tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́jìká, ó nawọ́ sí ọkọ̀ akẹ́rù. Bùrọ̀dá Sámù dìde nílẹ̀, kò gbọn erùpẹ̀ àyà rẹ̀ nù, ó lọ mú hámà àti irin rẹ̀, ó lóṣòó ti ìdajì ojú tó rún yẹn. Ó wo Bàbá Oníkọfí. Bàbá Oníkọfí mi orí.

Gbù. Gooro. Fẹ́rẹ́.

Ò-kun-o.

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti wà nílé wa, a ò gbọ́ ọ rí, ọjọ́ yẹn la gbọ́ ọ, n kò sì tíì lè dẹ́kun gbígbọ́ ọ.

"Òkun o, ọmọ mi," ni Iye Àgbà wí. "Ó pẹ́ o."

Bàbá Oníkọfí sún mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Iye, hámà ni. Páànù ló ń lù. Kì í ṣe pé ó ń kí yín."

Iye Àgbà yí ojú funfun rẹ̀ sí i. "Ṣé o rò pé mi ò mọ ìró irin ni? Mo mọ̀ pé hámà ni. Ẹni tó dì í mú ńkọ́, ṣé irin ni òun náà?"

Bàbá Oníkọfí bọ́ fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, lórí erùpẹ̀, òun tó wọ aṣọ ìjáde. Ó ní, "Sámù, ta ló ní kó o kó ẹrù?"

"Bàbá, ẹ̀yin ni."

"Lọ tú u."

"Tòò," ni Bùrọ̀dá Sámù wí, tòò náà sì ti padà di tòò.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń wá kí Iye Àgbà, ọ̀kan ń jáde, ọ̀kan ń wọlé, wọ́n ń dúró gbọ́ èsì, títí ìyá náà fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mí. Bàbá Oníkọfí máa ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà náà láàárọ̀, kọfí á sì dúró dè é. Bùrọ̀dá Sámù ní tirẹ̀ yí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ padà lábẹ́ mángòrò. Ó gbé òkúta tó ń jókòó lé, ó gbé e sí òdìkejì, kí etí òsì, etí tó yè, lè kọjú sí ilé. Ó ní òun ti ń kí èèyàn láti ọjọ́ yìí, òun náà fẹ́ máa gbọ́ èsì.

Ó gbọ́ ọ fún ọdún díẹ̀.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni, bíi ti ọjọ́ tí mò ń kọ̀wé yìí. Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà náà, ìyá mi kò fi abọ́ gbá mi mọ́. Ilé ń mu ẹ̀kọ. Bùrọ̀dá Sámù lu páànù rẹ̀, ó fi àkísà pa á, ó dúró. Ó tún lù ú, ó dúró. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn náà ló gbé hámà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí iyanrìn, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dún, ó sì rìn wọnú ilé. Kò sẹ́ni tó sunkún, kò sẹ́ni tó pariwo, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan nínú gbogbo wa. Ó jáde, ó wá dúró níwájú Bàbá Oníkọfí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di àkísà yẹn mú.

"Iye ò dáhùn," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ẹni tí etí rẹ̀ gbọ́ nǹkan kéré jù nínú agbo ilé wa ló kọ́kọ́ gbọ́ pé Iye Àgbà ti lọ.

Wọ́n ti gé mángòrò náà, títì ló gba ibẹ̀ kọjá. Kọfí ti tán lóko wa. Bùrọ̀dá Sámù àti Débórà padà sí Ìkòyí nígbà tí ọjọ́ orí dé, ibẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí. Àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe nísinsìnyí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fi hámà ṣe. Wọ́n á lù ú títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́, wọ́n á po nǹkan funfun kan bí ògì, wọ́n á fi rẹ́ ojú kòtò bí ẹni ń rẹ́ ògiri, wọ́n á ha á, wọ́n á kùn ún. Ó dán. N kò sọ pé kò dán. Ṣùgbọ́n eṣinṣin ń rìn lórí rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Lọ́jọ́ kejì tí mo kí hámà yẹn, mo fi ọ̀pá tilẹ̀ kọjá títì lọ síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló ń ṣiṣẹ́, ó ki ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin sétí. Mo bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ láti máa lù ú bẹ́ẹ̀, èkíní sí ẹ̀gbẹ́, èkejì sórí irin, ẹ̀kẹta fẹ́rẹ́. Ó yọ nǹkan etí rẹ̀.

"Bàbá, òkun o. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ́wọ́ ọ̀gá wa."

"Òun ńkọ́, ta ló kọ́ ọ?"

"Àwọn náà bá a bẹ́ẹ̀ ni."

Mo jókòó lé táyà, mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún un, títí kan ẹsẹ̀ eṣinṣin. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní nígbàkúùgbà tó bá ti lù ú, kó dúró díẹ̀, ẹnìkan wà ní òdìkejì títì tó ń dáhùn. Ó ní, "A ti gbọ́, Bàbá," bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwa arúgbó. Ó ki nǹkan náà padà sétí.

Ní àárọ̀ òní, mo tún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tíì wà lórí orókùn mi. Fúnmi wà lẹ́nu fèrèsé, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú ṣọ́ mi. Hámà dún. Gbù, gooro, fẹ́rẹ́. Ó dákẹ́. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Mo fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni, ẹ ṣáà mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Hámà tún dún. Mo mu tíì mi. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́ pátápátá.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọkùnrin náà ti gbé hámà sílẹ̀, kò sí nǹkan kan létí rẹ̀, ó ti dé àárín títì, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sáré bọ̀.

"Òkun o, ọmọ mi," ni mo wí.